Kí Ló Pa Bàbá Àgbà Yín?

Ní ayé àwọn baba wa, kí a tó gbé iṣu kan ṣoṣo lọ sí ilé àna, kí ìyá ọmọ tó la ẹnu pe ẹnikẹ́ni ní ọkọ ọmọ òun, alárenà ti rìn títí eruku fi bò ó dé orúnkún. Yóò ti jókòó ti ìyá arúgbó kan ní ẹ̀gbẹ́ àdògán, yóò ti bá aládùúgbò mu ẹmu ní ìrọ̀lẹ́, yóò sì ti fi ọgbọ́n wádìí ohun mẹ́ta tí gbogbo ilé ń bẹ̀rù: ǹjẹ́ wèrè ń bẹ nínú ìdílé náà, ǹjẹ́ ẹ̀tẹ̀ ń bẹ níbẹ̀, ǹjẹ́ wárápá ti gbé ẹnikẹ́ni ṣánlẹ̀ nínú wọn rí? Àwọn tó ń ṣe ìwádìí yìí kò mọ̀wé, wọn kò sì gbọ́ orúkọ jíìnì títí wọ́n fi wọ káà ilẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n wọ́n ti fi ojú ara wọn rí i pé àwọn àìsàn kan a máa tọ ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn gẹ́gẹ́ bí ajá ti í tọ ọdẹ lẹ́yìn, àti pé kò sí bí a ti lè ṣe ifá kó má hu ìwà èkùrọ́. Wọ́n ṣì í lórí ẹ̀tẹ̀, nítorí kòkòrò àìfojúrí ní ń fa ẹ̀tẹ̀, kì í ṣe ìran. Síbẹ̀ ọ̀nà tí wọ́n gbà ronú kì í ṣe ọ̀nà aláìmọ̀kan rárá.

Ohun kan wà tí alárenà kì í bèèrè. Kì í bèèrè bóyá ẹnìkan nínú ìdílé náà jẹ oúnjẹ alẹ́ tán, ó wọ yàrá lọ sùn, ilẹ̀ mọ́, kò jí. Tàbí bóyá ẹnìkan ń kọ ebè lọ́wọ́ nígbà tó ṣubú lé orí ọkọ́ rẹ̀, tó sì di èrò ọ̀run kí wọ́n tó bu omi sí i lórí. Kò bèèrè nítorí pé lójú àwa Yorùbá irú ikú bẹ́ẹ̀ kì í ṣe àìsàn, iṣẹ́ ọwọ́ ayé ni. Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ? Bí a bá ti pa òwe yìí tán, ẹjọ́ ti parí nìyẹn. A ó na ìka sí ìyàálé, a ó na ìka sí ọ̀rẹ́ tí wọ́n jọ ra ilẹ̀, ọmọ ìyá kò ní bá ọmọ ìyá jẹun nínú àwo kan náà mọ́, nígbà tó jẹ́ pé ohun tó pa ẹni náà gan-an ti lúgọ sínú àyà méjì nínú àwọn ọmọ rẹ̀ mẹ́rin, tó ń ka ọjọ́ wọn. Ọ̀rọ̀ yìí ló ká ìwé ìròyìn yìí lára, òun ni a sì fẹ́ sọ síta lónìí: ọ̀pọ̀ àìsàn ọkàn ni a máa ń jogún gẹ́gẹ́ bí a ti ń jogún ojú àti imú, ìdílé tí kò bá sì sọ ohun tó pa àwọn òkú rẹ̀ ń fi àwọn alààyè rẹ̀ sínú òkùnkùn.

Kí ọ̀rọ̀ náà lè yé wa dé gbòǹgbò, ẹ jẹ́ kí a padà sínú oyún. Nígbà tí oyún bá di nǹkan bí ọjọ́ 22, tí kò tilẹ̀ tíì dá ìyá lójú pé òun ti fẹ́ra kù, ọkàn ọmọ náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í lù. Kì í ṣe ọkàn oníyàrá mẹ́rin tí a mọ̀ yìí. Ihò tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, bí ọ̀pá fèrè, tó ń fún ara rẹ̀ pọ̀ tó sì ń tú ara rẹ̀ sílẹ̀. Fèrè náà yóò máa gùn sí i títí àyè kò fi ní gbà á mọ́, yóò wá ká sí apá ọ̀tún bí ìwo àgbò. Ògiri yóò bẹ̀rẹ̀ sí í hù láàrin rẹ̀, àwọn ìlẹ̀kùn yóò jókòó sí àyè wọn, iṣan ńlá tó jáde lórí rẹ̀ yóò sì là sí méjì, ọ̀kan fún ẹ̀dọ̀fóró, ìkejì fún gbogbo ara. Ní nǹkan bí oṣù méjì, tí gbogbo gígùn ọmọ inú náà kò tíì tó àtàǹpàkò àgbàlagbà, ilé oníyàrá mẹ́rin náà ti dúró.

Ta ló ń pàṣẹ fún ògiri pé kó dúró síbí, fún ìlẹ̀kùn pé kó ṣí sọ́hùn-ún? Jíìnì ni, èyí tí àwọn kan ń pè ní apilẹ̀ àbùdá, ìtọ́ni tí ọmọ gbà lọ́wọ́ bàbá àti ìyá, tó sì wà nínú sẹ́ẹ̀lì ara rẹ̀. Wọ́n tó nǹkan bí 20,000, ṣùgbọ́n gbogbo wọn kì í sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Bí agbo dùndún ni wọ́n rí: ìyáàlù ní í sọ̀rọ̀, kẹríkẹrì, ìṣáájú àti gúdúgúdú ní í gbè é. Nínú agbo ìlù ti ọkàn, mẹ́ta lára àwọn ìyáàlù tí àwọn onímọ̀ mọ̀ dáadáa ni NKX2-5, GATA4 àti TBX5. Bí ọ̀kan nínú wọn bá ṣi ohùn, ìbáà ṣe lẹ́tà kan péré ló yí padà nínú ìtọ́ni rẹ̀, àwọn tó ń gbè é lè ṣìnà pẹ̀lú rẹ̀, kí ògiri má sì dé òkè àjà.

Ọ̀dọ̀ ẹ̀dá tí ẹnikẹ́ni kò kà sí ni wọ́n ti rí púpọ̀ nínú ìmọ̀ yìí. Kantíkantí, kòkòrò tín-ín-tín tí í bo ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n jù, ní ọkàn tirẹ̀. Ní ọdún 1993, onímọ̀ kan, Rolf Bodmer, tẹ̀ ẹ́ jáde pé bí jíìnì kan bá sọnù lára kòkòrò yìí, ọkàn kì í hù lára rẹ̀ rárá. Wọ́n sọ jíìnì náà ní tinman, orúkọ ọkùnrin onípáànù kan tí kò ní ọkàn nínú ìtàn àròsọ àwọn ará Amẹ́ríkà. Ìbátan rẹ̀ lára ènìyàn ni NKX2-5, nígbà tó sì di 1998, àwọn olùwádìí tí Jonathan àti Christine Seidman ń darí ní Harvard fi hàn pé jíìnì yìí ti bàjẹ́ nínú àwọn ìdílé kan tí ihò wà nínú ògiri ọkàn wọn, tí ìlù ọkàn wọn sì ń falẹ̀. Ṣáájú ìgbà náà, ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1960, oníṣègùn méjì, Mary Holt àti Samuel Oram, ti kọ̀wé nípa ìdílé kan tí ihò wà nínú ọkàn wọn, tí àtàǹpàkò wọn kò sì rí bó ti yẹ. Ó di 1997 kí a tó mọ̀ pé TBX5 ló wà nídìí rẹ̀, pé jíìnì kan náà ló ń bá wọn mọ ọwọ́, tó sì ń bá wọn mọ ọkàn. Agbẹ̀bí tó bá mọ èyí, tó di ọwọ́ ọmọ tuntun mú, tó rí i pé àtàǹpàkò rẹ̀ gùn tẹ́ẹ́rẹ́ bí àwọn ìka ìyókù tàbí pé kò sí níbẹ̀, kò ní jẹ́ kí ọmọ náà kúrò nílé ìwòsàn láìgbọ́ ohùn àyà rẹ̀.

Nínú ọmọ 100 tí a bá bí láyé, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọ̀kan tí ọkàn rẹ̀ ti ní àbùkù láti inú oyún. Nígbà mìíràn jíìnì kan ṣoṣo ló ṣìnà. Nígbà mìíràn odidi okùn jíìnì kan ló lé, bíi ti àwọn ọmọ tó ní àìsàn Down, tí nǹkan bí ìdajì wọn ní àbùkù ọkàn. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, àìsàn rùbẹ́là ló kọlu ìyá nígbà tí oyún kéré, tàbí àtọ̀gbẹ tí a kò tọ́jú. A ti rí ọmọ tí ọkàn rẹ̀ ní àbùkù bẹ́ẹ̀ nítòsí. Ọmọbìnrin ọdún mẹ́ta ni, ó ń lé àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kiri àgbàlá. Kò tíì sáré ju ìgbésẹ̀ mẹ́wàá lọ tó fi dúró, tó lóṣòó, tó fa orúnkún méjèèjì mọ́ àyà, tó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ètè rẹ̀ àti èékánná rẹ̀ rí bí ẹni pé wọ́n ti wọ́n omi aró sí wọn. Ìyá àgbà rẹ̀ ní àbíkú ni, pé àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ọ̀run ló ń fà á ní aṣọ. Ọmọ náà kò mọ ìdí tí òun fi ń lóṣòó, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ mọ̀ ọ́n: bó bá ti ká ẹsẹ̀ pọ̀, iṣan ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò fún, ẹ̀jẹ̀ tí ìbá gba ihò inú ọkàn kọjá láìdé ẹ̀dọ̀fóró yóò rí ìdènà, èyí tó pọ̀ sí i yóò sì lọ gba atẹ́gùn. Àbùkù mẹ́rin tó wà pa pọ̀ nínú ọkàn kan ṣoṣo ni àwọn oníṣègùn máa ń rí lára irú ọmọ bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ abẹ sì lè tún un ṣe. Gbogbo wa ti gbọ́ ọ pé ẹ̀jẹ̀ SS ló wà nídìí ọ̀pọ̀ àbíkú ayé àtijọ́. Àwa fi kún un pé ọkàn tí kò parí mímọ náà wà níbẹ̀, nínú àwọn tí a sọ ní Málọmọ́ àti Kòkúmọ́, tí a fi abẹ kọ òkú wọn lára kí wọ́n má baà padà wá.

Àwọn àbùkù mìíràn wà tí kì í fi ara hàn nígbà ìbí. Ní ọdún 1958, ní Lọ́ńdọ̀nù, oníṣègùn kan, Donald Teare, ṣe àyẹ̀wò òkú àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n kú lójijì, ó sì rí i pé ẹran ọkàn wọn nípọn rékọjá ààlà ní apá kan. Àìsàn yìí kò ṣọ̀wọ́n: nínú ènìyàn 500, ó tó ẹnìkan tó ní i. Ní 1990 ni wọ́n mọ jíìnì àkọ́kọ́ nínú àwọn tó ń fà á, láti ara ìdílé kan ní Kánádà. Bí àwọn ènìyàn wa ti mọ ọ̀rọ̀ AS àti SS tó lónìí, wọ́n rò pé ó di ìgbà tí bàbá àti ìyá bá jọ ní nǹkan náà kó tó lè ran ọmọ. Ti ọkàn nínípọn yìí kò rí bẹ́ẹ̀. Òbí kan ṣoṣo tó, ọmọ kọ̀ọ̀kan tó bá sì bí dà bí owó ẹyọ kan tí a jù sílẹ̀: ó lè ṣí, ó lè dé.

Àwọn àgbà tí wọ́n wà ní pápá ìṣeré Sùúrùlérè, ní ọjọ́ Sátidé, 12 oṣù kẹjọ, ọdún 1989, kò lè gbàgbé. Nàìjíríà ń bá Àǹgólà gbá bọ́ọ̀lù, eré ti ń lọ sí òpin, nígbà tí Samuel Okwaraji, ọ̀dọ́ ọmọ ọdún 25, amòfin àti agbábọ́ọ̀lù, ṣubú láìsí ẹni tó tì í. Kò dìde mọ́. Àyẹ̀wò òkú fi hàn pé ọkàn rẹ̀ tóbi ju bó ti yẹ lọ, pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì ń ru. Ní 1996, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Inter Milan ní Ítálì ṣe àyẹ̀wò fún Nwankwo Kanu tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà, wọ́n rí i pé ìlẹ̀kùn kan nínú ọkàn rẹ̀ kò dára. Wọ́n gbé e lọ sí Amẹ́ríkà fún iṣẹ́ abẹ, ó padà sórí pápá, nígbà tó sì di ọdún 2000, ó dá àjọ kan sílẹ̀ tó ń gbé àwọn ọmọ tó ní àbùkù ọkàn lọ fún iṣẹ́ abẹ. Ti Kanu, ojú rí i kó tó pa á. Ti Okwaraji, ìgbà tí òkú ti sùn ni ojú rí i. Gbogbo ẹjọ́ tí a ń rò kò ju ìyẹn lọ.

Ṣùgbọ́n èyí tó kàn wá jù, tí a kì í sì í gbọ́ kí ẹnikẹ́ni sọ ọ́ ní gbangba nílẹ̀ yìí, ni ti jíìnì kan tí wọ́n ń pè ní TTR. Ẹ̀dọ̀ ní í fi ìtọ́ni rẹ̀ ṣe pùrótéènì kan tó ń bá wọn ru fítámì A kiri inú ẹ̀jẹ̀. Lára àwọn kan, ibì kan nínú ìtọ́ni náà yí padà. V122I ni orúkọ ìyípadà náà, ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà níbí ló sì ti ṣẹ̀. Àwọn ẹni wa tí a dè mọ́ inú ọkọ̀ ẹrú ló gbé e sọdá òkun, tó fi jẹ́ pé lónìí, nínú àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà 100, ẹni mẹ́ta tàbí mẹ́rin ló ní i. Pùrótéènì tó bá ti inú rẹ̀ jáde kì í dúró déédéé. A máa tú, a sì máa lọ rọ̀ sínú ẹran ọkàn bí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ti í rọ̀ sí ìsàlẹ̀ akèrègbè ẹmu, títí ọkàn yóò fi le gbagidi, tí kò ní lè tẹ́ ara sílẹ̀ gba ẹ̀jẹ̀ mọ́. Kì í kánjú. Ó sábà máa ń dúró títí ẹni náà yóò fi kọjá 60 ọdún. Lọ́dọ̀ ọ̀pọ̀ ènìyàn, ọwọ́ ló ń kọ́kọ́ kéde rẹ̀: ìka a máa kú tipiri ní òru, bí ẹni pé èèrà ń rìn nínú rẹ̀, ní ọdún mélòó kan ṣáájú kí ọkàn tó ṣàárẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ẹsẹ̀ yóò wú, èémí yóò kúrú, bàbá kò ní lè gun àtẹ̀gùn ilé tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ́. Kí ni a máa ń sọ nígbà náà? A ní bàbá tẹ nǹkan. A ní wọ́n da nǹkan sí ẹnu ọ̀nà dè é. Bí ojú wa bá sì là díẹ̀, a ní ogbó ló dé. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó bá ní jíìnì yìí ni àìsàn náà ń bá jà, oògùn sì ti wà fún un: tafamidis, tó ń di pùrótéènì náà mú kó má baà tú, gba àṣẹ ìjọba Amẹ́ríkà ní 2019. Owó rẹ̀ ga ju agbára ẹni tó ń gba owó ìfẹ̀yìntì lọ, ìyẹn náà sì jẹ́ ọ̀ràn tó yẹ kí àwọn aṣòfin wa fi ẹnu sí. Ṣùgbọ́n ta ni yóò jà fún oògùn àìsàn tí kò mọ̀ pé òun ní?

Àwa Yorùbá kì í ṣe àlejò nínú ìmọ̀ yìí. Nígbà tí àwọn onímọ̀ àgbáyé dáwọ́ lé iṣẹ́ HapMap ní 2002, láti mọ ibi tí jíìnì ọmọ ènìyàn ti yàtọ̀ síra, Ìbàdàn Mesìọ̀gọ̀, ilé Olúyọ̀lé, wà lára ibi tí wọ́n yà sí. Ọ̀jọ̀gbọ́n Charles Rotimi, ọmọ Nàìjíríà, wà lára àwọn tó tọ́ iṣẹ́ náà sọ́nà láàrin àwọn ènìyàn wa, Yorùbá 90 sì na apá wọn sílẹ̀ kí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀, bàbá, ìyá àti ọmọ nínú ìdílé 30. Àbájáde rẹ̀ jáde ní 2005. Títí di òní olónìí, ẹni tó bá wọ ilé ìwádìí jíìnì ní Japan tàbí ní Jámánì yóò bá lẹ́tà mẹ́ta, YRI, nínú ìwé wọn: Yorùbá tó wà ní Ìbàdàn ni ìtumọ̀ rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ Áfíríkà ti ṣe ju èyí lọ. Ní ìlú Dallas ní Amẹ́ríkà, olùwádìí méjì, Helen Hobbs àti Jonathan Cohen, rí i pé nínú àwọn aláwọ̀ dúdú 100, bíi méjì sí mẹ́ta ní jíìnì PCSK9 tí apá kan rẹ̀ ti kú, ọ̀rá búburú inú ẹ̀jẹ̀ wọn sì kéré gan-an. Ní 2006 wọ́n fi hàn pé ewu àìsàn iṣan ọkàn lára irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ fi ìdá 88 nínú 100 dín sí ti àwọn ìyókù. Láti inú ìmọ̀ yìí ni abẹ́rẹ́ tó ń pa PCSK9 lẹ́nu mọ́ ti jáde sí ọjà ní 2015. Bí jíìnì kan ti ń pa, bẹ́ẹ̀ ni òmíràn ń gbani, a sì jogún méjèèjì.

Kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe gbọ́ ọ̀rọ̀ ìran kó ká ọwọ́ lẹ́rán. Ìtàn Àjàlá alámọ̀ tí àwọn babaláwo ń sọ kò fi wá sílẹ̀ síbẹ̀: ẹni tó ń bọ̀ wá sáyé yóò wọ ilé Àjàlá lọ yan orí, kò sì mọ èyí tí iná jó dáadáa yàtọ̀ sí èyí tí òjò yóò fọ́ lójú ọ̀nà, ṣùgbọ́n àwọn àgbà kan náà ló ní orí kò lè dá a ṣe láìsí ẹsẹ̀. Ní 1997, àwọn tó ń wádìí ẹ̀jẹ̀ ríru láàrin àwọn aláwọ̀ dúdú tẹ àbájáde iṣẹ́ wọn jáde. Wọ́n ti wọn ẹ̀jẹ̀ àwọn ènìyàn ní Igbó-Ọrà, ní Ìdèrè, ní Ìbàdàn àti ní Kamẹrúùnù, wọ́n wọn ti àwọn ará erékùṣù Karíbíánì, wọ́n sì wọn ti àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Chicago. Níhìn-ín ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, ẹni 16 nínú 100 ni ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru; ní Karíbíánì, 26; ní Amẹ́ríkà, 33. Ìran kan náà ni, ìkòkò ọbẹ̀ ló yàtọ̀, àti iyọ̀ inú rẹ̀, àti ìwọ̀n ara, àti ìgbà tí ẹsẹ̀ ń fi rìn. Ó sì ń dùn wá láti sọ ọ́ pé ìkòkò ọbẹ̀ tiwa náà ti ń dà bíi ti òkè òkun: iyọ̀ inú páálí ti gba ipò irú àti ògìrì, ọ̀kadà sì ti gba ọ̀nà oko lọ́wọ́ ẹsẹ̀.

Nítorí náà a ké sí ìjọba ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní ilẹ̀ Yorùbá pé kí wọ́n fi ohun èlò kékeré tí a ń fi há ẹsẹ̀ ọmọ tuntun láti wọn atẹ́gùn inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sí gbogbo ilé ìgbẹ̀bí, nítorí àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. A ké sí àwọn ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí tí wọ́n ń bèèrè ìwé AA àti AS lọ́wọ́ àwọn tó fẹ́ gbéyàwó pé kí wọ́n fi ìbéèrè kan kún un: ta ló kú lójijì nínú ilé yín kó tó pé 50 ọdún? A kò sọ pé kí ìbéèrè náà tú ìgbéyàwó ká, ẹni tó bá lò ó bẹ́ẹ̀ ti ṣẹ̀ wá. Ìdí àyẹ̀wò ni a fi ń bèèrè, kí a lè ya àwòrán ọkàn, kí a ka ìlù rẹ̀ sórí ìwé, kí oògùn tètè bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀bẹ̀ tí a ní sí àwọn ìdílé ló sì wúwo jù. Kò sí ìran tó mọ oríkì bíi tiwa. Ìyá àgbà tí kò mọ ọjọ́ ìbí ara rẹ̀ yóò ki ìran rẹ̀ títí dé ẹ̀yìn ìran keje, yóò sọ ẹni tó jagun, ẹni tó gun ẹṣin, ẹni tó ní ẹrú, ẹni tó dúdú bí kóró iṣin. Ohun tó pa wọ́n nìkan ni kò sí nínú rẹ̀.

Ní oṣù díẹ̀ sẹ́yìn, níbi ìsìnkú kan ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá, lẹ́yìn tí ìyá àgbà ìdílé náà ti ki òkú títí omi fi bọ́ lójú gbogbo wa, ọmọ ọmọ rẹ̀ kan tó ń ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì kúnlẹ̀ tì í, ó ṣí ìwé kan lé orí itan. Ó ní, “Màmá, ẹ kú iṣẹ́, ẹ ti kì wọ́n. Ẹ jọ̀ọ́ mà, báwo ni wọ́n ṣe kú?” Ìyá náà dákẹ́ pẹ́. Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin lórí ìka: àkọ́kọ́ ṣubú lóko, ìkejì sùn kò jí, ẹ̀kẹta kú lórí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ nígbà tó ń ti ọjà bọ̀, kò sí èyí tó pé ogójì ọdún nínú wọn. Ọmọ àti ọmọ ọmọ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló jókòó yí i ká lórí ẹní, wọ́n jẹ́ mọ́kànlá, a sì rí ọ̀kan nínú wọn, ọkùnrin ọlọ́mọ mẹ́ta, tó rọra gbé àtẹ́lẹwọ́ lé igbá àyà ara rẹ̀. Ní ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, mẹ́sàn-án nínú àwọn mọ́kànlá náà wọ ọkọ̀ lọ sí ilé ìwòsàn.